Wàrà Inú Agolo àti Omi Ilé Wa

Ẹ̀rù ọmọ ni ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dájú ní ilé ọkọ. Kí n tó mọ ẹni tó ń bá ẹni yan odì nínú agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kí n tó mọ ọ̀nà àbùjá tó lọ sí Ọjà'ba, mo ti mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tó sùn. Ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin ni, kò tíì lè jókòó. Wọ́n ní kí n má sunkún púpọ̀, wọ́n ní ọmọdé ni mí, pé òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Wọn kò sọ fún mi pé bí òmíràn bá dé, ẹ̀rù ni yóò bá a wọlé, tí yóò sì bá a jókòó sórí ẹní.

Òmíràn náà dé, obìnrin. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn nígbà náà, ó sì ń kó ọjà òyìnbó wá oríṣiríṣi, èyí tí a mọ ìlò rẹ̀ àti èyí tí a kàn ń wò. Ọkọ mi jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, òun sì ni ẹni kìíní tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú agbo ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń kírun ní tirẹ̀, ìrun márùn-ún láìyẹ̀, kò sì bá ọmọ rẹ̀ jà nítorí ẹ̀sìn. Ohun tó máa ń sọ ni pé Ọlọ́run kan náà ni, ariwo ló yàtọ̀. Obìnrin tó gbọ́n ni. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sí ipò tí kò tọ́ sí i nígbà tó bá ka ohun tó kù.

Kò pẹ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ tí ọyàn mi òsì fi wú. Ó le, ó gbóná, ó ń ta mí bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún mi, ó sì di oówo tó tú. Bí èyí ti ń san ni ọ̀tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ewé gbígbóná jó o, wọ́n fún mi ní àgbo mu títí ẹnu mi fi korò. Nígbà tí ojú egbò méjèèjì yóò fi jiná, kò sí ohunkóhun nínú wọn mọ́. Ọmọ á gbé e sẹ́nu, á fà á, á tún fà á, á wá yọ ẹnu kúrò, á sì máa wò mí. N kò mọ ohun tí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè máa rò, ṣùgbọ́n ojú yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún rẹ̀ lọ. Ìyàwó ọbàkan ọkọ mi, tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, fún un lọ́mú fún ìgbà díẹ̀. Ọmú náà kò tó ọmọ tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó ń wa iṣu lóko olóko.

Ìyàwó òyìnbó oníwàásù ló mú ọ̀rọ̀ agolo wá. Orí òkè ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti pẹ́ díẹ̀ láàárín wa, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka Bíbélì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ránṣẹ́ pè mí sí ilé ìdáná rẹ̀, ó sì gbé agolo kan kalẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Ó ní wàrà màlúù ni, pé ní ìlú àwọn ni wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó tún gbé ìgò kan jáde tó rí bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, rọ́bà tó dà bí orí ọmú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó se omi títí ó fi hó. Ó ti ìgò àti rọ́bà bọ inú omi híhó. Ó bu ìyẹ̀fun, ó fi ọ̀bẹ ha orí ṣíbí kí ó lè ṣe rẹ́gí, ó da omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, ó mì ín, ó wá ro díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá kò ní jó ọmọ lẹ́nu. Ó ní kí èmi náà ṣe é lójú òun. Mo da ìyẹ̀fun sórí tábìlì rẹ̀ kí n tó ṣe é tán.

Ó ní, “Ní ìlú wa, bí omi bá ti hó, a óò gbé e sí ojú fèrèsé, yóò sì tutù kíákíá. Níhìn-ín, ẹ ní láti dúró dè é. Ní ìlú wa, èyí tí ọmọ bá mu kù, a lè fi í pamọ́. Níhìn-ín, ẹ dà á nù.” Ó wá di ọwọ́ mi mú. “Omi tí kò bá hó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kàn án, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan. Ohun kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ojú kò rí, tí ń pa ọmọ.”

Tí ń pa ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, agolo lórí, ọmọ lẹ́yìn. Mo ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin.

Nílé, mo ṣàlàyé fún ìyá ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi dé orí ohun tí ojú kò rí.

“Ohun tí ojú kò rí,” ó ní, “ojú ta ló wá rí i?”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ẹ̀rín sí i. Ó ní omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má se é. Ó ní bí ó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn, kí n máa ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ta kò ó. Ilẹ̀ Gòólù Kóòsì ló ti dé, ó ti ṣòwò pẹ́ ní Kùmásì, Ẹ̀gbọ́n Gòólù ni mo sì ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ní ìyẹ̀fun wo ni ti ìyẹ̀fun?

“Ní Kùmásì, wàrà aládùn ni àwa ń rà, èyí tó ki bí oyin. Ìṣó ni à ń fi lu agolo rẹ̀ níhò. A ó ro ó sínú ògì tó ṣàn, a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́. Àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ẹ wò wọ́n!”

A wò wọ́n. Wọ́n ń sáré kiri àgbàlá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún bámúbámú. Ìyàwó oníwàásù náà ní àwọn ọmọ tirẹ̀, wọ́n ń kàwé ní ìlú wọn, àwòrán wọn wà lára ògiri rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọkọ mi àti Ẹ̀gbọ́n Gòólù. Olúkúlùkù àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn ló ní ọmọ tó lè nawọ́ sí. Èmi nìkan ni n kò ní ẹni tí mo lè nawọ́ sí. Nítorí náà, ìlànà ara agolo ni mo dì mú, bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń di koríko mú.

Mo ti wá ro ọ̀rọ̀ ìlànà yẹn dáadáa láti ìgbà náà. Ọkọ mi máa ń kà á sókè fún mi lálẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka Sáàmù. Àwọn tó kọ ọ́ kò rí odò Ògùnpa rí. Nígbà tí wọ́n kọ omi, omi tiwọn ni wọ́n ń wò, èyí tó ń gba inú irin wọlé tọ̀ wọ́n wá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó tutù, òtútù ìlú wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Níbí, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo lè gbé omi híhó kalẹ̀ kí n gbá àgbàlá tán, kí n lọ ata, kí ó ṣì máa gbóná, ọmọ á sì máa ké. Wàrà tí ọmọ bá sì mu kù, kí wọ́n tó pe ìrun Àsáárì ni yóò ti kan. Agolo kan náà, ìyẹ̀fun kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ kan náà mọ́ nígbà tó bá ti sọdá òkun. Ẹnìkan kò kọ ìyẹn sára agolo.

Omi tiwa, inú àmù ńlá kan ló ń gbé, èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá bàbá ọkọ mi ló rì í síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ agbo ilé náà dó. Àwa ìyàwó ilé ló ń pọnmi kún un láti odò. Omi inú rẹ̀ máa ń tutù nini, àlejò tó bá mu ún á sì yin ilé. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú agbo ilé, inú àmù yẹn ni wọ́n ti ń bu omi tí wọ́n ń fi tọ́ ọ lẹ́nu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá mu ọmú tán, wọ́n á fi ahá bu díẹ̀ fún un. Ọmọ tèmi nìkan ni wọn kò fún mọ́ láti ìgbà tí agolo ti dé. Mo rí i pé ìyá ọkọ mi ń wo ahá, ó ń wo ọmọ. N kò ka ìwò náà sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Èmi ni mo ń se omi, èmi ni mo ń dúró dè é, èmi ni mo ń ro ó sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí òrùlé. Nígbà tí ara mi wá le, mo padà sí iṣẹ́ ilé bíi ti àwọn ìyàwó yòókù. Lọ́sàn-án, màá gba Pópó Yemọja sọ̀kalẹ̀ lọ fọṣọ lódò. Màá ti se omi sílẹ̀ nínú ìkòkò kékeré kan, màá dé e, màá sì wọn ìyẹ̀fun sínú ìgò kí ìyá ọkọ mi kàn da omi lé e bí ọmọ bá jí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun.

Nígbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ní eyín ló fẹ́ hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àkókò eyín kò tíì tó. Ìgbẹ́ náà ṣàn bí omi, ó ní àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn tí mo mọ̀. Òórùn yẹn ti wà nínú yàrá mi rí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi nípa rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Itan rẹ̀ tó ti ń ki wá rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀, awọ ibẹ̀ ń ká jọ. Àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tó wà ní àtàrí ọmọ yẹn, jìn wọlé bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wá ń sunkún láìsí omi lójú. 

Olúkúlùkù ní àlàyé. Mo gun òkè lọ bá ìyàwó oníwàásù. Ó ní bóyá ìyẹ̀fun ti pọ̀ jù, kí n dín in kù. Mo dín in kù, ọmọ tún rù sí i. Ẹ̀gbọ́n Gòólù ní òun kúkú ti sọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ka ara agolo láti òkè dé ilẹ̀, ó tún kà á, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà tó bá kà á.  Ìyá ọkọ mi kàn ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n lọ sinmi, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ènìyàn. Ìbẹ̀rù ò mọ ọ̀rẹ́. Mo ń ro ti ìyàwó tó fún ọmọ mi lọ́mú tí ọkọ rẹ̀ wò mí níwòkuwò. Mo ń ro ti Ẹ̀gbọ́n Gòólù pé bóyá ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lékè. Mo wá ń gbé agolo náà sábẹ́ ibùsùn, mo ń fi aṣọ bò ó. Kò sí ẹni tí n kò fura sí, àfi ẹnìkan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo di àwọn àkísà ọmọ náà sínú igbá, mo ń lọ sí odò. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkàn mi ṣàdédé já. Kò sí ohun tí mo rí, kò sí ohun tí mo gbọ́. Mo ṣáà rí i lọ́kàn pé ọmọ náà ti dákẹ́, pé bí mo bá dé ilé, wọn yóò ti dúró ní ẹnu ọ̀nà láti dì mí mú. Mo yí padà. N kò sáré, nítorí bí mo bá sáré, á jẹ́ pé òótọ́ ni. Mo ń rìn kíákíá, igbá àkísà lórí mi, mo ń bẹ Ọlọ́run ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń bẹ Ọlọ́run mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú.

Kò sí ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti da omi sísè lé ìyẹ̀fun bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wá na ọwọ́, ó fi ahá bu omi nínú àmù.

“Bísímíláì,” ó ní. “Omi bàbá rẹ nìyí. Omi tí bàbá bàbá rẹ mu dàgbà nìyí. Agolo kọ́ ló bí ọ, òkun kọ́ ni ilé rẹ. Mu ún, kí ilé mọ̀ ọ́, kí ìwọ náà mọ ilé. Má bá wọn lọ. Dákun, ọmọ mi, má bá wọn lọ.”

Ó rọra da omi náà sínú ìgò.  Ó mì ín, ó sì ro díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Igbá àkísà ṣì wà lórí mi. Odò tí mo fẹ́ lọ fọ ìgbẹ́ ọmọ mi sí ni odò tí a ti ń pọn omi àmù yẹn. Òótọ́ ni pé òkè la ti ń pọnmi, ìsàlẹ̀ la ti ń fọṣọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè tiwa náà ní ọmọ, àwọn náà ní àkísà.  Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n já ìgò náà gbà, kí n là á mọ́ ògiri. Inú bí mi débi pé mo rí i bó ti ń fọ́. Ìyá àgbà yìí ló ń pa ọmọ mi, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má kú.

Ó wá yé mi. Kò gbàgbọ́ nínú ohun tí ojú kò rí, tàbí kí n sọ pé ohun mìíràn tí ojú kò rí ló gbà gbọ́. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí kò mu ọmú ìyá rẹ̀, tí kò mu omi ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó ti òkun wá nìkan ló ń jẹ, kí ló máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró? Ìgbàkígbà ló lè dìde máa lọ. Nítorí náà ló ṣe ń fi omi ilé dè é mọ́lẹ̀. Bí ọmọ sì ti ń rù sí i ni ó ń bu omi ilé sí i.

Mo padà sẹ́yìn, mo sì húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fi ahá pamọ́ sẹ́yìn àmù.

“Ṣé o ti dé ni?”

“Mo gbàgbé ọṣẹ, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín.”

N kò sọ fún ọkọ mi. Mo mọ̀ ọ́n, kò lè pa á mọ́ra. Á lọ bá ìyá rẹ̀ ní gbangba, á sọ ohun tí òyìnbó sọ, gbogbo agbo ilé á sì gbọ́ pé ìyàwó onígbàgbọ́ ní ìyá ọkọ òun ń fi omi pa ọmọ òun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nǹkan mìíràn tún wà, kí n má purọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá òótọ́ ni ìyá ọkọ mi ń sọ. Bí mo bá gba omi ilé kúrò lẹ́nu ọmọ tó sì kú, kí ni màá sọ? Bí mo bá fi í sílẹ̀ tó sì kú ńkọ́? Mo jókòó ti ọmọ náà di ìrọ̀lẹ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí tó kéré bíi ti ẹyẹ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ní àmù ti ń rùn díẹ̀, pé mo fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi jiyàn, nítorí iṣẹ́ ìyàwó ni. Mo gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, mo fi kànìnkànìn fọ inú rẹ̀, mo fọ ahá pẹ̀lú, mo da omi híhó lé e lórí. Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí, mo ń gbé ìkòkò tó tóbi jù ní ilé ka iná, mo ń se omi tí a pọn, mo ń jẹ́ kí ó tutù, mo sì ń dà á sínú àmù kí ilé tó jí. Omi kì í tètè tán lójú ẹni tó bá ń sè é. Igi bó mi lọ́wọ́, èéfín ta mí lójú. Àwọn ìyàwó bí mí léèrè ohun tí mo ń sè ní gbogbo àárọ̀ tí kò ta òórùn. Mo ní omi ìwẹ̀ ni. Wọ́n ní ara mi á mà bó, kí n rọra.

Ìyá ọkọ mi ń bu omi àmù sínú ìgò bó ṣe ń bù ú tẹ́lẹ̀. Mo máa ń jókòó sínú yàrá, mo ń gbọ́ ahá tó ń kan etí àmù. N kò mọ̀ bóyá mo sè é tó. N kò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti da omi odò lé e. Lójoojúmọ́, bí mo bá fẹ́ tú àkísà ọmọ, màá kọ́kọ́ dijú.

Ìgbẹ́ náà kò dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ki díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà sunkún, mo sì rí omi lójú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bá a sunkún. Àwùjẹ̀ rẹ̀ gòkè bọ̀. Ọkọ mi ní òun ti mọ̀ pé ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n Gòólù ní ògì tí òun rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ló mú un láradá. Ìyá ọkọ mi kò bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù.

Ọyẹ́ ló tú mi fó. Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pẹ́ jí, omi tó kọ́kọ́ hó kò tíì tutù tán, mo sì ń yára nítorí ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo dà á sínú àmù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn rẹ̀ àti kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́. Èéfín omi ń jáde lẹ́nu àmù. Ó na ọwọ́, ó fi kan omi náà, ó sì fa ọwọ́ yọ.

“Kí lo ń dà síbẹ̀?”

Mo kúnlẹ̀. “Omi odò ni, Ìyá. Mo sè é ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo rí yín lọ́jọ́ náà, tí ẹ ń bù ú sínú ìgò.”

“O rí mi, o ò sì sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

Mo ń dúró de èébú, mo ń dúró de pé kí ó pe àwọn ará ilé. Ó gbé kẹ́tù rẹ̀ kalẹ̀.

“Iná ilé wa lo fi sè é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Láti ìgbà tí o ti ń sè é ni ìgbẹ́ náà ti dá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó jókòó lórí àpótí. Ó tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn, ó gbé e sórí itan, ó sì ń wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí n kò gbọ́ rí nínú ilé náà ni, orúkọ àwọn ọmọ tó ti bí tó sì sin, ọkùnrin àti obìnrin. Ó ń dárúkọ kan, á dúró díẹ̀, á tún dárúkọ òmíràn. Ó pẹ́ kí ó tó kan Ẹ̀gbọ́n Gòólù àti ọkọ mi. Orí tiwọn ló parí sí.

“Gbogbo wọn ló mu omi yìí,” ó ní. “Ọwọ́ mi ni mo fi fún wọn. Nígbà tí ara wọn kò yá, mo fún wọn sí i.” Ó gbójú sókè wò mí. N kò rí ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú àgbà rí. “Ìyàwó, ṣé omi náà ni?”

“N kò mọ̀, Ìyá.”

“O mọ̀.”

 Ọmọ náà ti gbá etí gèlè rẹ̀ mú, ó ń fà á. Ìyá ọkọ mi kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí Ládánì fi pe ìrun tán, ìyá ọkọ mi kò sì dìde lọ kírun. Ohun tó wá sọ ni pé kí n lọ fi igi kún iná, pé omi tó kù kò tíì hó.